Ìgúnpá ọmọ tó ń ju ọ̀kọ̀ ń dùn ún: kiné, kiropíráktọ̀, tàbí àwọn tó ń to eegun?

KóòṣìÀjàṣẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá ní CEG (ilé ẹ̀kọ́ girama) kan níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ọmọbìnrin kan wà lọ́wọ́ mi, ọmọ ọdún 14, tó mọ ọ̀kọ̀ jù gan-an. Lọ́jọ́ tí kò bá sí ọ̀kọ̀, hándíbọ́ọ̀lù ló ń ṣe, òun ni wọ́n sì máa ń gbé bọ́ọ̀lù fún kó jù ú láti ọ̀nà jíjìn. Láti bí oṣù kan báyìí, ìgúnpá ọ̀tún ń dùn ún, ní ẹ̀gbẹ́ inú, ní orí eegun kékeré tó yọ síta yẹn. Tó bá ju ọ̀kọ̀ bí ìgbà mẹ́wàá, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì di ìgúnpá mú. Tó bá jí láàárọ̀, apá náà kì í nà tán. Kò wú púpọ̀. Kò ṣubú, kò sì sí ohun tó gbá a.

Ìyá rẹ̀ ti ń fi òrí àti omi gbígbóná wọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó wà ní Èkó ní ká gbé e wá, pé kiropíráktọ̀ kan wà níbẹ̀ tó máa ń tẹ oríkèé tí á dún "kàú", tí ìrora á sì lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹlòmíì ní ká gbé e lọ sí Kétu, sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun. Ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́ ń bọ̀ lẹ́yìn ìsinmi, ọmọ náà sì ń sunkún pé wọn ò gbọ́dọ̀ fi òun sílẹ̀. Ẹni tó bá ti rí irú rẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.

ÌyáÌbejì_Ouando

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, kóòṣì. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún ìyá ọmọ kó fi omi gbígbóná yẹn sílẹ̀. Àbúrò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì máa ń pariwo lé wa lórí pé ìgúnpá kì í ṣe ibi tí wọ́n ń wọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ ìdí rẹ̀ á bá wa ṣàlàyé.

KinéÀnàgó

Ẹ kú iṣẹ́, kóòṣì. Kiné ni mí (physiotherapist ni wọ́n ń pè wá ní Nàìjíríà), Àjàṣẹ́ níbí náà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èèyàn kò lè ti orí fóònù wo ìgúnpá, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ kọ yẹn ti tó láti mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí èèyàn bá ń ju nǹkan láti òkè orí. Apá á lọ sẹ́yìn, èjìká á yí, ìgúnpá á wà ní títẹ̀. Ara á yí bọ̀ síwájú, àmọ́ ọwọ́ tó di ọ̀kọ̀ mú ṣì wà lẹ́yìn. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀gbẹ́ inú ìgúnpá máa ń fẹ́ là, tí ẹ̀gbẹ́ òde á sì máa fún mọ́ra. Iṣan líle kan wà ní ẹ̀gbẹ́ inú, tó so eegun apá òkè mọ́ eegun apá ìsàlẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kó là. Lára àgbàlagbà, iṣan yìí ló máa ń fàya díẹ̀díẹ̀. Lára ọmọdé, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: iṣan lágbára ju ibi tó so mọ́ lọ. Eegun kékeré tó yọ síta yẹn kò tíì di ọ̀kan pẹ̀lú eegun apá, kèrékèré ló wà láàárín wọn. Nínú gbogbo eegun tó para pọ̀ di ìgúnpá, òun ló máa ń dì kẹ́yìn, láàárín ọdún 15 sí 17, ti obìnrin a sì máa ṣíwájú ti ọkùnrin díẹ̀. Tí ọmọ bá ń jù, tó ń jù, tí kò sinmi, ibi kèrékèré yẹn ni yóò máa ya. Ní Amẹ́ríkà, Little Leaguer's elbow ni wọ́n ń pè é, torí ara àwọn ọmọ tó ń ju bésíbọ́ọ̀lù ni wọ́n ti rí i jù. Ọ̀kọ̀ ò mọ̀ pé òun kì í ṣe bésíbọ́ọ̀lù.

Mi ò sọ pé ohun tó ń ṣe é nìyẹn o. Mo ní ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ fura sí nìyẹn, nítorí ọjọ́ orí rẹ̀ àti ibi tó ń dùn ún.

Nítorí náà, kó má ju nǹkan kan mọ́ láti òní. Mi ò ní kó dín in kù o, kó má jù ú rárá ni, ì báà ṣe ọ̀kọ̀, ì báà ṣe bọ́ọ̀lù, ì báà ṣe òkúta tí wọ́n fi ń já máńgòrò. Lẹ́yìn náà, kí dókítà kọ rádíò (X-ray) fún un, kí wọ́n sì ya ìgúnpá méjèèjì, ọ̀tún àti òsì. Ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti máa ń ya èyí tó ń dunni nìkan, àmọ́ lára ọmọdé, òsì tí kò ṣe nǹkan kan ló máa fi hàn bóyá àlàfo tó wà ní ọ̀tún ti fẹ̀ jù. Ilé ìwòsàn CHUD Ouémé-Plateau kò jìnnà sí yín. Kí ẹnikẹ́ni má sì tẹ ìgúnpá yẹn, kí wọ́n má fà á, títí rádíò yóò fi jáde. Ibi tí kèrékèré ti ń ya, tí ẹ tẹ̀ tó dún "kàú", ẹ ò lè mọ ohun tó dún.

Ní ti omi gbígbóná, nọ́ọ̀sì yẹn kò parọ́. Ìgúnpá wà lára àwọn oríkèé tí ẹran ara wọn lè di eegun lẹ́yìn ìpalára, pàápàá tí wọ́n bá ń wọ́ ọ kíkankíkan. Tó bá ṣẹlẹ̀, apá lè má nà mọ́. Kí wọ́n kàn wé yìnyín mọ́ inú aṣọ, kí wọ́n gbé e lé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lálẹ́, ó tó.

Ìbéèrè méjì kan wà: ọ̀kọ̀ wo ló ń jù, báwo ni ìwúwo rẹ̀ ṣe tó? Ǹjẹ́ ìka ọmọńdinrín rẹ̀ máa ń rìn ín wìnnìwìnnì?

ỌmọÀkàbàÌdènà

Mo kí gbogbo yín láti Kétu. Ilé àwọn tó ń to eegun ni wọ́n bí mi sí, nítorí náà ohun tí mo fẹ́ sọ yìí lè ya ẹnìkan lẹ́nu.

Ẹ má gbé ọmọ yẹn wá. Eegun tó ṣẹ́, oríkèé tó yẹ̀, àwọn bàbá wa mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí kò ṣubú, tí kò kọlu nǹkan, kí ni wọ́n fẹ́ tò lára rẹ̀? Tí wọ́n bá gbé irú rẹ̀ wá bá bàbá mi àgbà láyé ọjọ́un, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Iṣẹ́ wo lo ń fi ọwọ́ yìí ṣe?" Tó bá jẹ́ ẹni tó ń la igi, á ní kó gbé àáké sílẹ̀ títí oṣù míì yóò fi lé. Á fún un ní ewé kan kó máa fi pa á lára, àmọ́ ojú lásán ni ewé yẹn. Àáké tó gbé sílẹ̀ ló ń wò ó sàn, bàbá náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilé ló ní sùúrù yẹn mọ́ o. Àwọn kan wà tí wọ́n á fà á títí ọmọ á fi ké, wọ́n á ní "ó ti wọlé".

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, kí ni kiropíráktọ̀ tí wọ́n ń wí yìí fi yàtọ̀ sí àwa? Kí ló sì fi yàtọ̀ sí kiné?

ZémiBoy229

Ẹni tó bá dáhùn ìbéèrè Kétu yìí, kó jọ̀ọ́ kọ ọ́ kó yé wa. Èrò ń dúró dè mí, mo fẹ́ kà á tán kí n tó gbéra.

ÀlejòAtlanta

Zémi, ẹ gbé èrò yín lọ ná, á gùn díẹ̀. 😀

Àjàṣẹ́ ni wọ́n bí mi, Atlanta ni mò ń gbé báyìí. Ọmọ mi ọkùnrin ló ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ọmọ ọdún 17 sì ni nígbà tí ìgúnpá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Níbí, kiropíráktọ̀ pọ̀ bíi ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìlú Davenport, ní ìpínlẹ̀ Iowa, ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní 1895, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ D. D. Palmer. Ohun tí òun gbà gbọ́ ni pé ara ọ̀pá ẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ jù lọ àìsàn ti ń wá. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà lóde òní kì í sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, oríkèé, iṣan àti bí ara ṣe ń yí ni wọ́n ń bójú tó. Nínú ìwé ìtọ́sọ́nà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde ní 2005, wákàtí ẹ̀kọ́ tí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ jókòó gbà kò gbọ́dọ̀ dín sí 4,200. Ní ilẹ̀ Faransé, òfin 2002 ló fún wọn ní ẹ̀tọ́ láti máa jẹ́ orúkọ yẹn. Ní Nàìjíríà, Medical Rehabilitation Therapists Board ló ń forúkọ wọn sílẹ̀, àjọ kan náà tó ń forúkọ àwọn kiné sílẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ̀gbọ́n tó wà ní Èkó kọ́kọ́ bèèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ọ̀gbẹ́ni "kàú" yẹn kí ẹ tó san owó mọ́tò dé Sèmè.

Ohun tí ẹni tó tọ́jú ọmọ mi ṣe nìyí. Kò fọwọ́ kan ìgúnpá rárá ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó bèèrè iye ìgbà tó ń jù lọ́sẹ̀, àti ìgbà tó sinmi kẹ́yìn nínú ọdún. Ó ní kó dúró lórí ẹsẹ̀ òsì nìkan, kó tẹ orúnkún díẹ̀: ìdí mì, orúnkún wọ inú. Ó ní kó dùbúlẹ̀ lẹ́yìn, ó yí èjìká ọ̀tún sínú, kò dé ibi tí ti òsì dé. Ó ti àárín ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sọ́tùn-ún sósì, ó gan paali. Ìgbà yẹn ló tó wá sórí ìgúnpá. Ó tẹ̀ ẹ́, ó sì rọra ń tì í sí òde bó ṣe ń nà án, ó ń wo ojú ọmọ. Ó fi ìka kan gbogbo ipa ọ̀nà iṣan dé ìka ọmọńdinrín. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó ní òun kò ní bẹ̀rẹ̀ àyàfi tí a bá lọ ya IRM (MRI, àwòrán inú ara) wá.

Àlàyé tó ṣe fún wa ni pé agbára tí èèyàn fi ń ju nǹkan kì í ti apá wá. Ẹsẹ̀ ló ń gbé e fún ìdí, ìdí fún ẹ̀yìn, ẹ̀yìn fún èjìká, bí àwọn tó tò sẹ́yìn kànga tí wọ́n ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ gba korobá omi. Tí ẹnìkan bá ń sùn láàárín, ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun ló máa fò gba omi. Ìgúnpá ni ẹni ìpẹ̀kun yẹn. Nígbà tí ọmọ bá ń ju bésíbọ́ọ̀lù, ìgúnpá máa ń nà ní ìwọ̀n tó ju 2,000 digirí lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, kò sí oríkèé tó lè fara da ìyẹn fún gbogbo ara.

IRM fi hàn pé iṣan kò já, ó kàn bínú ni. Ó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: ó ń tẹ àárín ẹ̀yìn (ìyẹn ló máa ń dún), ó ń fi àtàǹpàkò tú iṣan apá ìsàlẹ̀, ó ń na ẹ̀yìn èjìká, ó sì fún un ní eré ìmárale tó ní kó máa ṣe nílé. Ìgúnpá gan-an, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ní gbogbo àkókò yẹn, kò jẹ́ kó ju bọ́ọ̀lù.

Tí ẹ bá bi mí pé èwo ló ṣiṣẹ́, ìtẹ̀ yẹn máa ń jẹ́ kí ara tú u fún bí ọjọ́ kan, inú ọmọ á sì dùn. Àmọ́ mo rò pé àìjù àti eré ìmárale ló mú un padà. Kiné tó dáa á ṣe ohun kan náà. Ìyàtọ̀ tí mo rí ni pé kiropíráktọ̀ máa ń tẹ oríkèé pẹ̀lú ìyára, ó sì nífẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn ju gbogbo nǹkan lọ.

Tí iṣan yẹn bá sì ti já, kò sí ìtẹ̀ tó lè so ó. Ní 1974, Tommy John tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Dodgers já ti tirẹ̀. Dókítà Frank Jobe mú iṣan láti ibòmíì lára rẹ̀, ó lu ihò sí eegun ìgúnpá, ó sì fi so ó. Ní 1976 ló tó padà sórí pápá, ó sì ju bọ́ọ̀lù títí di 1989. Láti ìgbà yẹn, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe iṣẹ́ abẹ náà.

Gọ́lì_Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ má gbàgbé àwa gọ́lì o! Èèyàn ò ní láti ju nǹkan kí ìgúnpá rẹ̀ tó bàjẹ́. Mo ti ṣọ́ ilé hándíbọ́ọ̀lù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Ṣábẹ̀ẹ́. O na ọwọ́ tán, bọ́ọ̀lù bá ọ ní àtẹ́lẹwọ́, ìgúnpá tẹ̀ sẹ́yìn ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́jọ́ kan, kò tó nǹkan. Ní odindi sáà ìdíje, wàá máa gbé ife omi pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Èyí tó ràn mí lọ́wọ́ ni sítírápù tí kiné fi mọ́ iwájú ìgúnpá lọ́nà tí kò fi ní lè nà tán, àti kíkọ́ láti máa gba bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ìgúnpá tó tẹ̀ díẹ̀. Mo ti rí ọmọ kékeré tó ń ṣọ́ ilé tí àwọn àgbà ń ju bọ́ọ̀lù kíkan lù ú "kó lè gbọ́n". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ìyẹn dúró.

Bọ́ọ̀lù ńkọ́? Ní ilé ẹ̀kọ́ tiwa, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló wà, ti àwọn ọkùnrin àgbà, nọ́ńbà 3. Ó wúwo tó giramu 425 sí 475, ọwọ́ ọmọdé kò ká a. Nígbà tí ọwọ́ kò bá ká bọ́ọ̀lù, iṣan apá ìsàlẹ̀ ló ń fún un mọ́ra kó má bàa bọ́, ìgúnpá ló sì ń san án. Nọ́ńbà 2, giramu 325 sí 375, ló yẹ ọmọbìnrin tó ti pé 14. Tí kò bá tíì pé, nọ́ńbà 1.

Ẹ̀gbọ́nTẹ́nìsì

Ẹ̀yin èèyàn yìí ẹ̀ ń bẹ̀rù jù. Mo ti lé ní ogójì ọdún, tẹ́nìsì ni mò ń gbá. Ẹ̀gbẹ́ òde ìgúnpá ló ń dùn mí, n kò lè fún kànìnkànìn omi. Mo lọ bá kiropíráktọ̀ ní Èkó, ó tẹ̀ ẹ́, kò pẹ́ tí mo fi padà sórí pápá. Kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kí ọmọ gbádùn ohun tí èmi gbádùn?

KinéÀnàgó

Ẹ̀gbọ́n, mo yọ̀ fún yín, n kò sì ní bá ohun tó ràn yín lọ́wọ́ jà. Àmọ́ tiyín yàtọ̀ sí tirẹ̀. Eegun tiyín ti dì tipẹ́, ẹ̀gbẹ́ òde ló sì ń dùn yín, níbi tí iṣan tó ń gbé ọrùn ọwọ́ sókè so mọ́. Fún irú ìyẹn, ìtẹ̀ ìgúnpá pẹ̀lú eré ìmárale wà lára ohun tí wọ́n ti dán wò. Wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde láti Ọsirélíà ní 2006: àwọn kan gba ìtọ́jú yẹn, àwọn kan gba abẹ́rẹ́ kọtísóònù, àwọn yòókù kàn dúró. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, àwọn tó gba ìtọ́jú sàn ju àwọn tó dúró lọ, àwọn tó gba abẹ́rẹ́ tilẹ̀ sàn jù lọ. Nígbà tí ọdún yí po, àwọn tó dúró ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àwọn tó gba ìtọ́jú dọ́gba, àwọn alábẹ́rẹ́ ló sì wà lẹ́yìn. Nítorí náà, ìtẹ̀ lè mú ọ̀nà kúrú fún àgbàlagbà. Ní ti ẹ̀gbẹ́ inú ìgúnpá ẹni tó ń ju nǹkan, ẹ̀rí tó wà fún un kò pọ̀. Ní ti ọmọ tí eegun rẹ̀ kò tíì dì, ẹ má dán an wò.

Mo sì fẹ́ kí gbogbo wa gbọ́ èyí: ẹni tó bá sọ pé òun máa tẹ ọrùn ọmọ kí ìgúnpá tó lè sàn, ẹ gbé ọmọ yín kúrò níbẹ̀. Títẹ ọrùn pẹ̀lú ìyára ní ewu tirẹ̀, kì í ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, àmọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sínú ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

KóòṣìÀjàṣẹ́

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi kiné. Ọ̀kọ̀ kan ṣoṣo ni ilé ẹ̀kọ́ ní, a jogún rẹ̀ ni, giramu 800 ni wọ́n kọ sí i lára. Gbogbo wọn ló ń jù ú, ọkùnrin àti obìnrin.

Mo bi í nípa ìka. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, lálẹ́, tó bá fi ọwọ́ ṣe ìrọ̀rí, ọmọńdinrín àti èyí tó tẹ̀ lé e á máa rìn ín wìnnìwìnnì. Tó bá na apá, á lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó rò pé ẹ̀jẹ̀ ni.

Ìyá rẹ̀ ti gbà kí a lọ ya rádíò. Ó ní mélòó ló yẹ kó máa jù tó bá ti sàn? Ṣé òfin kan wà?

KinéÀnàgó

Giramu 800 jẹ́ ti ọkùnrin àgbàlagbà. Òun náà ni àwọn tó ń lọ sí Olímpíìkì ń jù, òun ni Jan Železný fi ju mítà 98.48 ní Jámánì ní 1996 tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọjá. Obìnrin àgbà, 600. Ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún 18, 500. Ẹ wo ohun tí apá ọmọ yẹn ti ń ru. Ọ̀dọ̀ INJEPS (ilé ẹ̀kọ́ gíga eré ìdárayá) kò jìnnà sí yín, ẹ lọ bèèrè bóyá wọ́n á yá yín ní èyí tó fúyẹ́. Títí dìgbà náà, ọparun gbígbẹ tó tọ́, tí ẹ fi aṣọ wé ibi tí ọwọ́ á dì í mú, ó tó fún kíkọ́ ẹsẹ̀ àti ìyípadà ara. Kóòṣì tó dáa lè kọ́ ọ̀sẹ̀ méjì lórí ìrìn ẹsẹ̀ nìkan láìjẹ́ kí ọ̀kọ̀ fò.

Ìka tó ń rìn ín yẹn: nẹ́ẹ̀fù kan gba ẹ̀yìn eegun kékeré yẹn kọjá, òun ló ń lọ sí ìka méjèèjì tó kẹ́yìn. Tí ìgúnpá bá wà ní títẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó máa ń fún un. Kó má fi ọwọ́ ṣe ìrọ̀rí mọ́, kí wọ́n fi aṣọ ìnura wé ìgúnpá lóru kó má bàa tẹ̀ tán. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà, kó wo ọrùn náà, torí nẹ́ẹ̀fù yẹn ibẹ̀ ló ti ń wá. Tó bá di pé kò lè di péènì mú dáadáa, tàbí ẹran àárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì.

Ní ti iye: fún bésíbọ́ọ̀lù, ìtọ́sọ́nà wà. Àtẹ kan tí wọ́n ń pè ní Pitch Smart jáde ní Amẹ́ríkà ní 2014. Ọmọ ọdún 13 sí 14 kò gbọ́dọ̀ ju 95 lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tó bá sì ti dé 66, ó gbọ́dọ̀ sinmi ọjọ́ mẹ́rin kó tó tún jù nínú ìdíje. Wọ́n tún ní kó fi oṣù mẹ́rin lọ́dún sílẹ̀ láìju nǹkan kan láti òkè orí. Àtẹ yẹn ti bésíbọ́ọ̀lù ni, bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò sì tó giramu 150. Ẹ má gbé e bẹ́ẹ̀ lé ọ̀kọ̀. Tèmi ni pé kí ọmọ ọdún 14 má ju ọ̀kọ̀ kíkankíkan kọjá ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, kí ọjọ́ ọ̀kọ̀ àti ọjọ́ tó ń ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn má sì tẹ̀ léra. Apá kan náà ni, kò mọ̀ pé kóòṣì méjì ló wà.

Èyí tó ṣe pàtàkì ju iye lọ ni àárẹ̀. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006 lórí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ju bésíbọ́ọ̀lù, àwọn tó máa ń jù nígbà tí apá ti rẹ̀ wọ́n ní ìlọ́po 36 ewu àtiṣe iṣẹ́ abẹ ìgúnpá tàbí èjìká. Ẹ máa wo ìgúnpá rẹ̀ lórí pápá: tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ èjìká nígbà tó ń jù, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ gba ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

ÌyáÌbejì_Ouando

Oògùn ìrora ńkọ́? Àwọn ọmọ wa máa ń ra diclofenac ní ẹ̀gbẹ́ títì kí wọ́n tó wọ pápá.

KinéÀnàgó

Kó má lò ó kó lè jù. Ìrora yẹn nìkan ló ń bá wa ka iye. Tí dókítà bá kọ ọ́ fún un kó lè sùn, ìyẹn yàtọ̀.

KóòṣìÀjàṣẹ́

Rádíò ti jáde. Dókítà ní àlàfo tó wà ní ọ̀tún fẹ̀ ju ti òsì lọ, àmọ́ eegun kò tíì ya kúrò. Kò gbọ́dọ̀ ju nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lẹ́yìn náà wọ́n á tún wò ó. Ìka kò lágbára dín. Ó ní kí a má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n Èkó sì ti gbà.

Mo ti fi í sí eré ìsáré 4×100, òun ni ẹni kẹta tí yóò sáré. Ó bínú fún ọjọ́ kan, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè bàtà. Ọ̀gá hándíbọ́ọ̀lù ló le jù, ó ní ṣé kó má tilẹ̀ ju pẹ́nárítì kan ni? Mo ní kó má ṣe é.

Eré ìmárale wo ni kó máa ṣe títí dìgbà yẹn?

KinéÀnàgó

Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kó fi apá sílẹ̀, kó ṣiṣẹ́ lórí ẹsẹ̀ àti ìdí: dídúró lórí ẹsẹ̀ kan, kó tẹ orúnkún, kí orúnkún má wọ inú. Kó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó máa ṣí apá òsì sí ẹ̀yìn kí àárín ẹ̀yìn lè tú.

Nígbà tí títẹ eegun yẹn kò bá dùn ún mọ́, ẹ wá rọ́bà inú táyà ọ̀kadà tó ti bàjẹ́, ẹ gé e ní gígùn, kó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta. Ẹ so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Kó jókòó, kó gbé apá ìsàlẹ̀ lé itan, àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè, kó di rọ́bà mú. Kó fi ọwọ́ òsì ran ọ̀tún lọ́wọ́ láti tẹ ọrùn ọwọ́ sókè, kó yọ ọwọ́ òsì, kó wá rọra jẹ́ kó padà sílẹ̀, kó kà dé mẹ́rin. Ìpadàsílẹ̀ yẹn ni iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, kó dìde, kó ki ìwé kékeré kan sí abẹ́ apá, kí ìgúnpá lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́, kó máa fa rọ́bà náà yí sí òde. Tí ìwé bá bọ́, ó ti ń fi ara fà á, kó dín ìle rọ́bà kù. Tí èyíkéyìí nínú wọn bá dùn ún ní ẹ̀gbẹ́ inú, kó dúró, kó sì pè mí.

Tí dókítà bá ní kó bẹ̀rẹ̀ sí í jù, bọ́ọ̀lù tẹ́nìsì ló máa fi bẹ̀rẹ̀, ní mítà mẹ́wàá, ní ọjọ́ kan, kó fò ọjọ́ kejì. Tí kò bá dùn ún ní ọjọ́ kejì láàárọ̀, ẹ fi mítà díẹ̀ kún un ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Tó bá dùn ún, ẹ padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀kọ̀ ló máa kẹ́yìn, láti ìdúró, láìsáré, èyí tó fúyẹ́.

ZémiBoy229

Rọ́bà inú táyà wà lọ́dọ̀ èmi àti ọ̀gá tó ń lẹ táyà ní Ouando. Èyí tó ti lu kọjá lílẹ̀, dídà ló ń dà á nù. Kóòṣì, ẹ sọ ilé ẹ̀kọ́ yín fún mi lábẹ́lẹ̀, màá jù ú sílẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́dẹ.

KóòṣìÀjàṣẹ́

Mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín. Ẹ bá mi mú méjì, ọmọ tó ń ṣọ́ ilé ti ní òun náà fẹ́.